Agolo Òfìfo Bàbá Tapsell

"Daddy, wọ́n ní mo jalè."

Ohun tí Ìyèbíyè kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Kò kí mi, kò kúnlẹ̀, ọmọ tó jẹ́ pé bó bá pàdé mi nínú bọ́ọ̀sì pàápàá, á fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú gbogbo òyìnbó. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Tuesday ni. Day off mi ni. Mo jókòó, mò ń fi òróró pa àtàǹpàkò mi tó jó, inú mi ò sì dùn sí ẹnikẹ́ni.

"Wọlé. Jókòó. Kí ni wọ́n ní o jí?"

"Ìwé."

"Ìwé wo?"

"Ìwé abúlé Bàbá Tapsell."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́, torí ní Woolwich níbí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n mọ̀ mí sí. Abíọ́nà lorúkọ mi. Kí n tó dé ìlú òtútù yìí, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Ìbàdàn. Olè tó bá purọ́ fún mi láàárọ̀, ó ti jẹ́wọ́ kó tó jẹun ọ̀sán. Àwọn ọ̀gá mi máa ń sọ pé kò sí ohun tó lè kọjá níwájú mi tí mi ò ní rí. Mo gbà wọ́n gbọ́, àṣìṣe mi nìyẹn.

Nínú ìjọ Aládùúrà wa lẹ́yìn Plumstead Road, èmi ni olùtọ́jú pẹpẹ. Èmi ni mò ń gba àpòòwé ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará, èmi ni mò ń sun wọ́n nínú àwo irin láìṣí wọn, kí èéfín wọn lè gòkè lọ bá Ọlọ́run. Níbẹ̀ ni ọwọ́ mi ti jó ní Sunday. Bí mo ṣe ń gbé àwo náà kúrò, nǹkan pupa gbígbóná kan ta sí mi lára. Àbẹ́là burúkú tí wọ́n ń rà ní ẹ̀dínwó ni mo dá lẹ́bi. Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹnì kan ti fi nǹkan kan sínú àpòòwé rẹ̀ tó ń rùn bí ìgbà tí wọ́n ń fi iná wi pọ̀nmọ́, débi pé Wòlíì Obed dá ìwàásù dúró, ó ní, "Ta ló gbé ọbẹ̀ wá sílé Ọlọ́run?" Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìyèbíyè ò rẹ́rìn-ín láàárọ̀ yẹn. Ọmọ ìjọ wa ni, iṣẹ́ carer ló sì ń ṣe: òun ló ń tọ́jú Bàbá Tapsell, òyìnbó arúgbó kan, nílé rẹ̀. Ọdún kejì rèé tí company kan ti gbà á wá láti Òṣogbo, fíìsà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ rẹ̀, Àràmídé, ń lọ sílé ìwé ní Thamesmead North. Bí company bá yọ ọ́ nítorí olè, ilé-iṣẹ́ wo ló máa gbà á? Òun àti ọmọ á di ẹrù wọn padà sílé ni.

"Auntie Janet, ọmọ Bàbá, ní òun fún mi di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní," ó ní. "Tí ìwé náà ò bá yọjú, ó máa pe company, ó máa pe ọlọ́pàá. Daddy, ẹ gbà mí."

"Ta ló rí ìwé náà gbẹ̀yìn?"

"Bàbá fúnra wọn, ní Saturday. Mo rí wọn tí wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ń fọwọ́ pa á."

"Ìgbà wo ni wọ́n tó mọ̀ pé kò sí mọ́?"

"Lánàá. Auntie Janet ṣí agolo tí ìwé náà máa ń wà, agolo ṣófo."

"Kí lo gbé jáde nílé yẹn ní Saturday?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kò sí, Daddy. Báàgì mi nìkan."

Mo rí ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo fi í pamọ́.

*

Ilé Bàbá Tapsell wà ní Thamesmead Moorings, ilé ìsàlẹ̀ tó ní ọgbà kékeré níwájú. Janet ló ṣílẹ̀kùn. Obìnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú, ó hàn pé kò sùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la sọ o. Èmi ni mo fi "ẹ" sí i lẹ́nu fún yín, torí mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìbànújẹ́ ló bá a.

"Ta ni yín?"

"Àgbà ìjọ rẹ̀ ni mí. Mo ti ṣe ọlọ́pàá rí."

"Ẹ wá gbèjà rẹ̀."

"Mo wá wá ìwé yín. Bí òun ló jí i, èmi fúnra mi ni màá sọ fún yín."

Ó wò mí títí, ó sì yà fún mi. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwé náà. Ní ọdún 1763, ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ Marlhurst, abúlé kékeré kan ní Kent, fi pápá ẹ̀gbẹ́ adágún omi wọn fún ìdílé mẹ́rìnlá, fún ọmọ àti ọmọ ọmọ wọn títí ayé. Orúkọ ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wà nínú ìwé náà, òǹtẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó dàgbà jù ní abúlé ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ti wà lọ́wọ́ Bàbá Tapsell fún ogún ọdún. Ní báyìí, àwọn akọ́lé kan fẹ́ fi ògiri yí pápá náà ká, kí wọ́n kọ́ ilé sórí rẹ̀. Thursday ni wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ náà. Lọ́yà ní àfi ìwé náà gan-an.

"Ẹ̀dà rẹ̀ ńkọ́? Fọ́tò?"

"Dádì ò gbà láéláé. Ó ní bí èèyàn bá ti ya fọ́tò nǹkan, kò ní tọ́jú nǹkan ọ̀hún mọ́."

Mo ní kó gbé agolo náà wá. Agolo bisikíìtì àtijọ́ ni, wọ́n ya ilé ìjọ sórí rẹ̀. Mo gbìyànjú láti ṣí i, ó kọ̀. Ìgbà tí mo yí i po ni mo rí i pé etí kan ti tẹ̀ díẹ̀, ṣíbí tíì kan tí ìdí rẹ̀ wọ́ sì wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ki ìdí ṣíbí bọ etí agolo náà, ó ṣí wọ́ọ́rọ́. Kò sí ibòmíì tí wọ́n ti ha á. Ẹni tó ṣí i mọ ọ̀nà rẹ̀ dáadáa.

Nínú rẹ̀, aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wé ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ká a dáadáa.

"Ṣé ẹ rí i?" mo ní. "Olè tó bá mọ̀ pé nǹkan yìí níyelórí, tòun taṣọ ni yóò gbé e. Ẹni tó gbé e yìí yọ aṣọ sílẹ̀, ó sì ká a bí ẹni ń retí pé òun ṣì máa lò ó. Ó fẹ́ kí ìwé náà wọ inú nǹkan tí kò tóbi."

"Bíi báàgì carer?"

Mo pa agolo náà dé. "Ta ló tún ń wọ ibí?"

"Ọkùnrin àwọn akọ́lé wá ní Friday, ó mú òdòdó wá."

"Òun kọ́ nìyẹn. Bàbá ṣì fọwọ́ pa ìwé náà ní Saturday."

"Carer yín ló sọ bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kọ́ ló yẹ kó máa jẹ́rìí ara rẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀.

"Enoch náà tún wà," Janet ní. "Ọmọ ìlú yín tó ń gbé òkè. Ó máa ń wá bá Dádì ta dráfù. Ó ń ta nǹkan àlòkù ní ọjà Woolwich."

*

Bàbá Tapsell jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ojú rẹ̀ ò ríran tó mọ́. Ìwé orin ìjọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń mu tíì.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mo gbọ́ pé nǹkan yín sọ nù."

"Nǹkan mi ò sọ nù."

"Ìwé abúlé yín ńkọ́?"

"Ó wà níbi tó yẹ kó wà."

Janet mí kanlẹ̀. "Ohun tó ń sọ látàná nìyẹn. Àgbà ti dé sí i."

Mo fa àga mọ́ ọn. Ní Ìbàdàn, mo kọ́ pé kéèyàn má béèrè ohun tó fẹ́ gbọ́, kó béèrè ohun tí ẹlòmíì fẹ́ sọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ sọ nǹkan nípa Marlhurst fún mi."

Ojú rẹ̀ là. Ó sọ nípa ilé ìjọ olókùúta tí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ, nípa igi ńlá kan ní itẹ́ òkú tó ti wà kí ìjọ náà tó wà, nípa adágún tí màlúù gbogbo abúlé ń mu. Ó ní bó bá ti di ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn Àjíǹde, gbogbo abúlé máa ń fi ẹsẹ̀ rin ààlà ilẹ̀ wọn, àlùfáà níwájú, ìwé náà lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà jù, àwọn ọmọdé á máa fi ọ̀pá na òkúta ààlà. Wọ́n á wá fi orí ọmọ kọ̀ọ̀kan kan òkúta náà, kó má bàa gbàgbé ibi tí ilẹ̀ wọn parí sí.

Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Òkúta méje. Mo ṣì mọ gbogbo wọn."

"Wọ́n ṣì ń ṣe é?"

"Ta ló máa ṣe é? Wọ́n ti ta ilé ìjọ náà. Ẹnì kan ń gbé inú rẹ̀. Ibi tí pẹpẹ wà ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí."

Ó sọ ìyẹn wẹ́rẹ́, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ láìmu ún. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn fi ilé sílẹ̀, kó sì wá gbọ́ pé ilé ọ̀hún ò dúró.

"Ọjọ́ wo la wà?" ó béèrè.

"Tuesday, Bàbá."

Ó fi ìka kà á. "Ó ku ọjọ́ márùn-ún."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ ní Sunday?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé ìka lé ètè.

Mo jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lọ́kàn. Janet ń sunkún, Ìyèbíyè ń sunkún, lọ́yà ń pe fóònù láìsinmi. Ẹnì kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ balẹ̀ nílé yẹn ni ẹni tó ni nǹkan. Ìyẹn ò jọ àrùn ìgbàgbé lójú mi.

*

Mo bá Enoch nídìí tábìlì rẹ̀ ní ọjà Woolwich, láàárín bàtà àlòkù àti fóònù tó ti fọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Abíọ́nà! Ẹ wá ra bàtà?"

"Ìwé abúlé ni mo wá rà."

Ojú rẹ̀ yí padà. Bí mo ṣe ń wo ojú rẹ̀ ni mo ń wo tábìlì náà, mo sì rí fọ́tò kan nínú férémù: ilé ìjọ olókùúta, igi ńlá, èèyàn bí ogún. Ilé ìjọ orí agolo náà gan-an ni. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní mo ti mú un.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Bàbá Tapsell ló fún mi. Mo jẹ ẹ́ ní dráfù lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ó ní kí n mú un. Ẹ lọ bi í!"

"O wá gbé e sọ́jà."

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n bá fún mi, mò ń tà á. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Ìwé náà ńkọ́? Ìyẹn náà, wọ́n fún ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ tèmi. Ṣé ẹ ti fojú rí nǹkan náà rí?"

"Rárá."

"Ta ló máa rà á lọ́wọ́ mi? Kì í ṣe pépà o. Awọ ni. Awọ àgùntàn ni àwọn baba wọn fi ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, bíi pọ̀nmọ́ gbígbẹ ló rí. Wọ́n sì wá fi ìda pupa bàǹtà-banta tẹ òǹtẹ̀ sí ìdí rẹ̀, igi ńlá yìí ni wọ́n yà sínú òǹtẹ̀ náà."

Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Àtàǹpàkò yẹn. Mo wò ó. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn, mo lé e padà kíá, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́. Kò ṣeé ṣe. Báwo ni ìwé Bàbá Tapsell ṣe máa dé ìjọ wa?

"Ẹ̀gbọ́n, ara yín yá?"

"Ara mi yá." Irọ́ ni mo pa. Mo yí fọ́tò náà padà kí n má bàa wo ojú rẹ̀. Ẹnì kan ti fi gègé kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1946. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ohun tó sọ ni pé: ọjọ́ keje, àlùfáà gbé ìwé kúrò lórí pẹpẹ, ìwé padà sílé.

Ọjọ́ keje. Mo tún yí i síwájú. Àlùfáà ló wà láàárín, ó ń gbé ohun kan tí wọ́n ká fún arúgbó kan. Gbogbo abúlé ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Enoch, mò ń gbé èyí lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, pọ́n-ùn márùn..."

Mi ò dúró gbọ́ ọ tán.

*

Ìyèbíyè ti dé síṣẹ́, ó wà ní kíṣìnì Bàbá Tapsell, ó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Mo ti ilẹ̀kùn.

"Kí lo gbé jáde nílé yìí ní Saturday? Má sọ báàgì fún mi."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi. "Daddy, ẹ̀bẹ̀ ni."

"Ẹ̀bẹ̀ ta?"

"Ti Bàbá. Wọ́n ń sunkún nítorí abúlé wọn. Mo sọ fún wọn pé nínú ìjọ tiwa, a máa ń gbé ẹ̀bẹ̀ wa lọ síwájú pẹpẹ. Wọ́n bi mí bóyá èèyàn bíi tàwọn lè fi tiwọn ránṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi láàárọ̀?"

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ wa!" Ohùn rẹ̀ ga, ọmọ tí kì í gbóhùn sókè. "Ẹ ní kéèyàn má sọ ẹ̀bẹ̀ ẹlòmíì, ẹ ní kí ẹni tó ni ín gan-an má sọ ọ́ kí ọjọ́ méje tó pé, kó má bàa bàjẹ́. Ohun tí mo sọ fún Bàbá náà nìyẹn. Company ò sì gbọdọ̀ mọ̀ pé mo bá client sọ̀rọ̀ Ọlọ́run."

Mo jókòó. Òótọ́ ni. Sunday mẹ́rin sẹ́yìn ni mo sọ ọ́ lórí àga ìwàásù, mo tilẹ̀ fi ọwọ́ lu pákó.

"Ta ló kọ ẹ̀bẹ̀ náà?"

"Èmi. Ìlà mẹ́ta, wọ́n ń sọ, mò ń kọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi sínú àpòòwé fúnra àwọn, kí àwọn lẹ̀ ẹ́ fúnra àwọn. Mo bọ́ síta fún wọn."

Mo wọ yàrá. Bàbá ń tòògbé. Mo gbé ìwé orin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ṣí i, pépà kan sì já bọ́. Ìlà mẹ́ta. Ọwọ́ ìkọ̀wé Ìyèbíyè. *Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n gba pápá wa. Má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé orúkọ wa. Àmín.*

Ìyèbíyè ti wà lẹ́yìn mi. Ó rí pépà náà. Mo rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, kò sì lè pa á dé.

"Tí ẹ̀bẹ̀ bá wà níbí," ó ní, "kí ló wà nínú àpòòwé yẹn? Daddy, ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ tiẹ̀ fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ ní ẹni yìí ní ìṣòro gan-an."

"Mo rántí."

Bàbá Tapsell ti lajú. Mo kúnlẹ̀ ti àga rẹ̀, èmi tí orúnkún ń dùn. "Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n èmi ni olùtọ́jú pẹpẹ ìjọ Ìyèbíyè. Ẹ lè sọ fún mi."

Ó di ọwọ́ mi mú. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé.

"Ọwọ́ yín ló wà! Ó dára. Ọdún mẹ́sàn-án ni ìwé náà ò ti dé orí pẹpẹ kankan. Ọjọ́ méje ni ó máa ń lò níbẹ̀. Mo ní ìjọ tó bá ti gbàdúrà, ìjọ ni." Ó tẹ̀ súnmọ́ mi. "Ṣé ibi tó gbẹ lẹ gbé e sí?"

Ẹ gbọ́, mo ti bá apànìyàn jókòó lójúkojú. Kò sí èyí tó bi mí ní ìbéèrè tó le tó báyẹn.

*

Eérú ò sí. Àṣà ìjọ wa ni pé omi tó ń ṣàn ni a ń da eérú ẹ̀bẹ̀ sí. Àárọ̀ Monday ni mo dà á sí Thames, èmi fúnra mi, mò ń kọrin. Ohun tó kù ni èyí tí mo fi ọ̀bẹ ha kúrò nídìí àwo irin. Mo lọ tú dọ́sítíbìn ẹ̀yìn ìjọ láàárín ike àti èérún àkàrà, títí mo fi rí i: ìṣù ìda pupa kan, kò tó owó kọ́bọ̀. Apá kan rẹ̀ ti yọ́. Ní apá kejì, èèyàn ṣì lè rí ẹ̀ka igi.

Àbẹ́là funfun nìkan la tàn ní Sunday yẹn. Funfun nìkan. Èmi ni mo tò wọ́n, èmi ni mo ṣáná sí wọn. Ohun pupa sì ta sí mi lọ́wọ́, awọ ń jó níwájú imú mi, mò ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́!

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí mo gbé ìda náà kalẹ̀ níwájú Janet. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n. Ó fi ìka kan kàn án, ó sì fa ọwọ́ padà.

"Èmi ni mo sun ún," mo ní. "Bàbá yín fi í sínú àpòòwé, ó rò pé a máa gbé e padà bíi ti abúlé yín. Èmi ni mo gbà á, mi ò ṣí i, mo sun ún. Ọmọbìnrin yìí ò mọ ohunkóhun. Kì í ṣe olè. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀, kí ẹ fi tèmi sùn."

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Mo wo Ìyèbíyè pé kó dákẹ́. Kò dákẹ́.

"Èmi ni mo gbé e jáde, Auntie. Èmi ni mo sọ fún Bàbá pé kí wọ́n fi ránṣẹ́. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e."

Janet ò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé Thursday ni?"

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó pe company, ó sì sọ lẹ́ẹ̀mẹta pé Ìyèbíyè kò jalè. Mo gbọ́ ohùn manager láti inú fóònù. Ó ní inú òun dùn pé kì í ṣe olè. Ó ní ṣùgbọ́n òfin ni òfin: carer ò gbọdọ̀ gbé ohun client jáde, carer ò gbọdọ̀ mú client wọnú ẹ̀sìn rẹ̀. Ó ní kí Ìyèbíyè má wá síṣẹ́ mọ́ láti òní. Wọ́n máa kọ̀wé sí àwọn tó ń mójú tó fíìsà.

Mo wẹ̀ ẹ́ mọ́ kúrò nínú olè, mo sì fi ọwọ́ ara mi lé e kúrò ní ìlú. Ohun tí ọgbọ́n mi ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún Bàbá fúnra mi," Ìyèbíyè bẹ Janet. Janet mi orí, ó gbà.

Ó kúnlẹ̀ níwájú àga náà, ó di ọwọ́ bàbá náà mú, ó sì sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́. Bàbá Tapsell gbọ́ ọ.

"Ẹ sun ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ forí jì mí."

"Ṣé ẹ gbàdúrà kí ẹ tó sun ún?"

"A gbàdúrà. Gbogbo ìjọ ṣe àmín lẹ́ẹ̀meje."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Mú bírò wá. Orúkọ ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Kọ wọ́n kí n tó gbàgbé."

Ìyèbíyè yí pépà ẹ̀bẹ̀ náà sẹ́yìn, ó kọ nọ́ńbà láti oókan dé ẹẹ́rìnlá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ó ń fi ìka ka ìka. Tapsell. Fagg. Pilcher. Ovenden. Cheeseman. Luck. Wickens. Boorman. Hobbs. Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Tapsell, ó tún dúró sí Hobbs. Janet dúró ti ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Òun náà ò mọ̀ wọ́n.

A dúró títí. Níta, bọ́ọ̀sì tí mo máa ń wà kọjá, mo mọ ìró rẹ̀.

Bàbá Tapsell bá gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti mọ́ kedere, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀ bíi ti àárọ̀.

"Àwọn márùn-ún tó kù wà nínú ìwé náà," ó ní. "Tó bá dé ní Sunday, kí o bá mi kà wọ́n."

Ìyèbíyè wò mí. Mi ò lè ràn án lọ́wọ́.

"Màá kà wọ́n, Bàbá," ó ní.

Ó fi pépà náà sínú agolo, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó tẹ ìdérí rẹ̀ pa. Ó bá Bàbá gbé ife tíì súnmọ́ ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ kóòtù rẹ̀, torí aago márùn-ún ààbọ̀ ti lù, ó sì gbọ́dọ̀ lọ mú Àràmídé nílé ẹni tó ń bá a tọ́jú rẹ̀.